Obìnrin Tí Ń Ka Èémí Ọmọ: Ìrìn-àjò Mi sí Gadchiroli

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a fi ojú sunkún ọmọ. Àdúrà yìí kì í ṣe àdúrà ẹnu lásán fún mi, nítorí pé mo ti fi ọwọ́ ara mi gbé òkú ọmọ lé àwọn tí yóò lọ sin ín lọ́wọ́ rí.

Ọdún 1989 ni. Àkọ́bí mi ni, ọmọkùnrin ni pẹ̀lú. Ní ọjọ́ kẹrin tí mo bí i, kò mu ọmú mọ́. Àyà rẹ̀ ń lọ sókè, ó ń lọ sódò, kíákíá bí àyà ẹni tí ó sáré jáde nínú iná. Ìyá ọkọ mi, tí ó fẹ́ràn mi púpọ̀, gbé e mọ́ àyà, ó ní òtútù ni ó mú un, ó sì fi àdí pa á lára. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọmọ ti lọ. Àwọn aládùúgbò ní àbíkú ni. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀, nítorí pé kò sí ẹni tí ó sọ ohun mìíràn fún mi.

Bí mo bá fẹ́ sọ ìtàn ìrìn-àjò tí mo rìn lọ sí orílẹ̀-èdè Íńdíà, ibẹ̀ ni mo ní láti ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo rí nínú igbó Gadchiroli ni ó jẹ́ kí n mọ ohun tí ó pa ọmọ mi.

Ọ̀NÀ INÚ IGBÓ

Ẹ bi àwọn ìyá yín léèrè, wọn yóò sọ fún yín pé ní àwọn ọdún 1970 sí 1980, àwọn ará Íńdíà pọ̀ nínú àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama wa. Ọ̀kan nínú wọn kọ́ èmi ní ìṣirò. Obìnrin kúkurú kan ni, tí kì í pariwo, ṣùgbọ́n tí kò sí ẹni tí ó tó ṣeré ní kíláàsì rẹ̀. Nígbà tí ó padà sí ìlú rẹ̀ ní Nagpur, a ń kọ lẹ́tà síra wa. Ó ti darúgbó nísinsìnyí. Ó ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá kí òun kí ọjọ́ tó lọ jù, àti pé òun fẹ́ mú mi dé ibì kan tí òun gbà pé ó yẹ kí n fi ojú ara mi rí.

Nagpur wà ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Íńdíà, ní ìpínlẹ̀ Maharashtra. Láti ibẹ̀ a fi ọkọ̀ rìn bíi wákàtí mẹ́rin kí a tó dé Gadchiroli. Ìgbà ọ̀gìnnìtìn ni, òwúrọ̀ tutù, ìkùukùu sì bo oko ìrẹsì méjèèjì ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ní ọdún 1982 ni ìjọba yọ agbègbè yìí kúrò lára Chandrapur, kí ó lè máa dá dúró. Igbó ni ó bo ohun tí ó ju ìdá 70 nínú 100 ilẹ̀ rẹ̀. Igi tíìkì àti ọparun ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Igi kan tún wà tí wọ́n ń pè ní mahua: wọ́n a máa ṣa òdòdó rẹ̀ nílẹ̀, wọ́n a sá a gbẹ, wọ́n a jẹ ẹ́, wọ́n a sì tún fi pọn ọtí. Wọ́n a máa já ewé tendu pẹ̀lú, èyí tí a fi ń wé sìgá ìbílẹ̀ wọn, wọ́n a sì tà á fún àwọn oníṣòwò.

Àwọn ẹ̀yà Gond ni wọ́n ni inú igbó náà láti ayébáyé. Wọ́n ní èdè tiwọn àti òrìṣà tiwọn. Ṣùgbọ́n bí ó ti máa ń rí fún ọ̀pọ̀ ẹni tí ń gbé inú igbó, ọ̀nà, iná, ilé-ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn pẹ́ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ogun abẹ́lẹ̀ láàárín ìjọba àti àwọn ọmọ-ogun Maoist sì tún da àdúgbò náà rú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí a rí àwọn ọlọ́pàá tí wọ́n gbé ìbọn dúró lójú ọ̀nà, àyà mi já. Tíṣà mi kàn fi ọwọ́ lé mi ní orúnkún, ó ní, “Jókòó jẹ́ẹ́.” Ohùn tí ó fi ń bá wa wí ní kíláàsì náà ni.

ILÉ ÌWÒSÀN TÍ Ó DÀBÍ ABÚLÉ

Ibi tí a kọ́kọ́ dé ni Shodhagram, ìyẹn ni pé abúlé ìwádìí. Ẹgbẹ́ aláàánú kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ SEARCH ni ó tẹ̀ ẹ́ dó. Tọkọtaya dókítà méjì, Abhay Bang àti Rani Bang, ni wọ́n dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Wọ́n kàwé dé Amẹ́ríkà ní ọdún 1984. Dípò kí wọ́n jókòó síbẹ̀, Gadchiroli ni wọ́n wá ní ọdún 1986. Ilé kan tí àwọn oníṣòwò ń kó ewé tendu pamọ́ sí ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe ibi iṣẹ́.

Ní ọdún 1989, Rani Bang tẹ ìwádìí kan jáde tí ó ya àwọn dókítà ayé lẹ́nu. Ó yẹ àwọn obìnrin abúlé méjì wò, ó sì rí i pé 92 nínú 100 wọn ni ó ní àrùn ojú ara tàbí ti ilé ọmọ. Àwọn tí ó ti gba ìtọ́jú rí kò ju 8 nínú 100 lọ. Àwọn obìnrin wọ̀nyí ń lọ sí oko, wọ́n ń ṣẹ́ igi, wọ́n ń bímọ, wọ́n sì ń fi ara pa ìrora mọ́, nítorí pé kò sí ẹni tí ó bi wọ́n. Ẹ̀yin obìnrin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kò nílò kí n túmọ̀ ìyẹn fún yín.

Bíbéèrè yìí náà ni wọ́n fi kọ́ ilé ìwòsàn wọn. Wọ́n bi àwọn Gond léèrè ohun tí ó ń lé wọn sá fún ilé ìwòsàn ìjọba. Èsì wọn rọrùn. Wọ́n ní ilé náà tóbi jù, ènìyàn lè ṣìnà nínú rẹ̀. Wọ́n ní a kì í jẹ́ kí ará ilé sùn ti aláìsàn. Wọ́n tún ní aṣọ funfun ni àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì ń wọ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni aṣọ funfun ni àwọn fi ń di òkú: báwo ni ẹni tí ó wọ aṣọ òkú yóò ṣe gba alààyè là?

Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá wọ Shodhagram, ẹ kò ní rí ilé gogoro. Ilé kéékèèké ni ẹ ó rí lábẹ́ igi, gẹ́gẹ́ bí ti abúlé wọn, tí aláìsàn àti ará ilé rẹ̀ lè jọ gbé. Orúkọ òrìṣà wọn, Danteshwari, ni a fi sọ ilé ìwòsàn náà. Mo rí ìyá kan tí ó jókòó lórí ẹní, tí ó ń gbo ìrẹsì fún ọmọ rẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tọ́jú. Ìyá rẹ̀ àgbà ń ya irun rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Bí a kò bá sọ fún mi, n kò bá má mọ̀ pé ilé ìwòsàn ni mo wà.

ÌLẸ̀KẸ̀ PUPA

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n mú wa lọ sí abúlé kan láti kí ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tí wọ́n ń pè ní arogyadoot, èyí ni ońṣẹ́ ìlera. Èmi ti ń retí nọ́ọ̀sì. Ìyá oníyàwó ọmọ ni mo bá, tí ó wọ aṣọ sárì aláwọ̀ ewé, tí ó ń fẹ́ ìrẹsì nínú atẹ. Gbogbo abúlé ni ó ń pè é ní Tai, bí ìgbà tí a bá ní Ẹ̀gbọ́n. Kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ju ọdún díẹ̀ lọ. Ó nu ọwọ́, ó wọlé, ó sì gbé àpò rẹ̀ jáde.

Ó tú àpò náà sórí ẹní fún wa. Òṣùwọ̀n tí a fi ń gbé ọmọ kọ́ wà níbẹ̀, àti ẹ̀rọ ìwọn-ìgbóná-ara, àti àpò aṣọ tí a fi ń wé ọmọ tí ó kéré jù kí ara rẹ̀ má baà tutù. Rọ́bà kan wà tí a fi ń fẹ́ atẹ́gùn sí imú ọmọ tí kò ké nígbà tí a bí i. Abẹ́rẹ́ àti oògùn wà pẹ̀lú. Lẹ́yìn náà ni ó mú ohun kan jáde tí ó dàbí ohun ìṣeré ọmọdé: pátákó kékeré kan, ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sórí rẹ̀ ní ìlà méjì, àti ìgò kékeré tí iyanrìn ń ṣàn nínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan géérégé.

Tíṣà mi ṣe ògbufọ̀. Nígbà tí iṣẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀, àwọn agbẹ̀bí tí kò mọ̀wé ni wọ́n ṣe ohun èlò náà fún, nítorí pé ó ṣòro fún wọn láti ka iye tí ó pọ̀. Wọn yóò dojú ìgò iyanrìn dé, wọn yóò sì máa wo ikùn ọmọ. Bí ọmọ bá ti mí ní ìgbà mẹ́wàá, wọn yóò ti ìlẹ̀kẹ̀ kan sí ẹ̀gbẹ́, wọn yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ení. Ìlà kan wà fún ìkókó tí kò tíì pé oṣù méjì, ìlà kejì sì wà fún ọmọ tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá dé orí ìlẹ̀kẹ̀ pupa kí iyanrìn tó tán, òtútù àyà ti mú ọmọ nìyẹn, oògùn sì gbọ́dọ̀ wọ ara rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Mo gba pátákó náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo dojú iyanrìn dé, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ níwájú mi. Ọmọ ọdún 1989 ni mo ń wò. Mo rí àyà rẹ̀ tí ń sáré. Mo ń ti ìlẹ̀kẹ̀, mo sì dé orí pupa nígbà tí iyanrìn ṣì pọ̀ nínú ìgò. Ìgbà náà ni omi bọ́ lójú mi.

Obìnrin náà kò bi mí pé kí ló dé. Ohun tí ó bi mí ni pé, “Mélòó?” Mo na ìka kan sókè. Òun náà na ìka méjì. Ó ní òun sin méjì kí òun tó kọ́ iṣẹ́ yìí, àti pé nínú àwọn ọmọ abúlé tí òun tọ́jú, àwọn kan wà tí òun kò lè gbà là, òun kò sì gbàgbé ọ̀kankan nínú wọn. Lẹ́yìn náà ni ó sọ ọ̀rọ̀ kan tí tíṣà mi rọra túmọ̀ fún mi: “Ẹni tí a kò kọ́ kò lè mọ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ ti mọ̀ báyìí.”

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àwọn obìnrin wọ̀nyí ṣe, kí ẹ má baà rò pé ọ̀rọ̀ ojú àánú lásán ni mo ń sọ. Nígbà tí SEARCH bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọmọ wẹ́wẹ́ ní ọdún 1988, nínú 1,000 ọmọ tí a bá bí ní àwọn abúlé wọn, 121 ni ó ń kú kí wọ́n tó pé ọdún kan. Púpọ̀ nínú wọn kì í pé oṣù kan. Bẹ́ẹ̀ ni ilé ni wọ́n ń bí wọn sí, nínú igbó tí kò sí ọkọ̀. Láti ọdún 1995, ẹgbẹ́ náà kọ́ obìnrin abúlé tí ó ti lo ọdún 5 sí 10 ní ilé-ẹ̀kọ́, ní abúlé 39, láti máa wà níbi ìbímọ pẹ̀lú agbẹ̀bí, láti máa bẹ ìyá àti ọmọ wò lé léraléra nínú oṣù àkọ́kọ́, àti láti máa gún ọmọ tí àrùn wọ̀ lára ní abẹ́rẹ́ nínú ilé ìyá rẹ̀. Ṣáájú, 62 nínú 1,000 ọmọ ni ó ń kú kí wọ́n tó pé ọjọ́ 28. Ní ọdún 1997 sí 1998, iye náà ti lọ sílẹ̀ sí bíi 25. Ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn tí a ń pè ní The Lancet gbé e jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 1999.

Ìjọba Íńdíà ní àwọn obìnrin ìlera tirẹ̀ láti ọdún 2005, tí wọ́n ń pè ní ASHA, tí ó túmọ̀ sí ìrètí. Láti ọdún 2011, ìjọba ní kí àwọn náà máa bẹ ọmọ titun wò nílé: ní ọjọ́ kẹta, keje, kẹrìnlá, kọkànlélógún, kejìdínlọ́gbọ̀n àti kejìlélógójì. Bí ó bá jẹ́ ilé ni a bí ọmọ sí, wọn yóò wá ní ọjọ́ kìíní pẹ̀lú. Iye wọn ti lé ní 900,000. Àjọ Ìlera Àgbáyé fún wọn ní àmì ẹ̀yẹ ní ọdún 2022.

ILÉ-Ẹ̀KỌ́ NÍ ÌPÀDÉ ODÒ MẸ́TA

Tíṣà mi ní ìlera láìsí ẹ̀kọ́ dàbí ilé tí a kọ́ láìfi ìpìlẹ̀ sọlẹ̀, nítorí náà ìrìn-àjò wa kò tíì parí. A tún fi ọ̀pọ̀ wákàtí wọ inú igbó lọ sí ìhà gúúsù agbègbè kan náà, títí a fi dé Hemalkasa, nítòsí Bhamragad níbi tí odò mẹ́ta ti pàdé. Ibẹ̀ ni àwọn Madia ń gbé, tí wọ́n jẹ́ ẹ̀ka kan nínú àwọn Gond. Nígbà òjò, odò a máa kún bo ọ̀nà, a sì máa sé wọn mọ́ ibẹ̀.

Baba Amte, ẹni tí gbogbo Íńdíà mọ̀ nítorí ìtọ́jú àwọn adẹ́tẹ̀, ni ó dá iṣẹ́ Lok Biradari sílẹ̀ níbẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 1973. Ọmọ rẹ̀ Prakash àti ìyàwó rẹ̀ Mandakini, àwọn méjèèjì dókítà, ni wọ́n lọ gbé ibẹ̀. Ahéré ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, kò sí iná mànàmáná fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn Madia sá fún wọn ní ìbẹ̀rẹ̀, wọn kò gbọ́ èdè ara wọn. Tọkọtaya náà kọ́ èdè Madia. Nígbà tí Prakash rí i pé àwọn tí ó wá sìn kò ní aṣọ tó, òun náà bọ́ aṣọ ńlá sílẹ̀, singilẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò péńpé ni ó ń wọ̀ láti ìgbà náà. Ibà, ejò àti ẹranko béárì tí ń ya ènìyàn jẹ ni wọ́n bá jà. Ní ọdún 2008, àwọn méjèèjì gba ẹ̀bùn Ramon Magsaysay.

Ní ọdún 1976 ni wọ́n ṣí ilé-ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ ń gbé inú rẹ̀. Lára àwọn ọmọ Madia tí ó ti ibẹ̀ jáde, àwọn kan ti di dókítà, àwọn kan di olùkọ́ àti agbẹjọ́rò. Ohun tí ó wọ̀ mí lára ni pé a kò kọ́ wọn kí wọ́n lè sá fún igbó wọn: àwọn kan nínú wọn ti padà wá sìn níbẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn ọmọbìnrin kan yí mi ká. Ọ̀kan bi mí bí a ṣe ń ka nǹkan ní èdè mi. Mo bẹ̀rẹ̀: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Wọ́n ń pè é tẹ̀lé mi, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Tíṣà mi jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń mi orí. Nígbà tí a dé ẹ̀wá, mo rántí pé ẹ̀wá kan ni ìlẹ̀kẹ̀ kan.

OHUN TÍ MO GBÉ BỌ̀

Ẹ má rò pé ilẹ̀ òkèèrè nìkan ni irú ọgbọ́n yìí ti lè hù. Ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, ní Ìmẹ̀sí-Ilé, láti ọdún 1957, ni Dókítà David Morley, tí ó wá láti ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, ti bẹ̀rẹ̀ ilé ìtọ́jú ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Àwọn ìyá ń gbé ọmọ wá déédéé, a sì ń wọ̀n wọ́n, a ń sàmì sí káàdì. Káàdì ìdàgbàsókè tí ìyá ń gbé lọ sí ilé ìwòsàn kárí ayé lónìí, iṣẹ́ Ìmẹ̀sí-Ilé wà ní ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde: kí ló dé tí àwa yóò wá gbàgbé?

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jẹ́ kí n fi ìlẹ̀kẹ̀ náà lé yín lọ́wọ́. Bí ọmọ yín kò bá tíì pé oṣù méjì, ẹ wò ó nígbà tí ó bá dákẹ́ tàbí tí ó ń sùn. Ẹ fi aago ka èémí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Bí ó bá pé 60 tàbí tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ tún un kà. Bí ó bá tún rí bẹ́ẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, lóru tàbí lọ́sàn-án. Ẹ má sì dúró de kíkà bí ọmọ bá kọ ọmú, bí ihà rẹ̀ bá ń wọnú bí ó ti ń mí, bí gìrì bá mú un, bí ara rẹ̀ bá gbóná tàbí tí ó tutù ju bí ó ti yẹ lọ, bí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bá pọ́n bí ìyeyè, tàbí bí ìwọ́ rẹ̀ bá ń ṣọyún.

Ẹ fún ọmọ ní ọmú láàárín wákàtí kan tí ẹ bí i. Omi ọmú àkọ́kọ́ tí ó pọ́n yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí, ààbò ọmọ ni. Ẹ jẹ́ kí ó pé ọjọ́ kan kí ẹ tó wẹ̀ ẹ́. Ẹ gbé e mọ́ ìhòòhò àyà yín kí ó móoru. Bí ìyá ọkọ yín bá ní bí a ti ń ṣe é kọ́ nìyí, ẹ má fi ìwọ̀sí lọ̀ ọ́. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ pè é kí ó wá jókòó, kí ẹ jọ kà á. Ìyá ọkọ tèmi kò burú, kò sì ya òpè. Kò sí ẹni tí ó fi ìlẹ̀kẹ̀ lé e lọ́wọ́ ni. Ó kú láìmọ̀ pé òtútù tí ó sọ ní òru ọjọ́ yẹn, inú àyà ni ó wà.

Nígbà tí mo padà dé, ọmọ mi obìnrin bímọ. Ní ọjọ́ kẹrin, mo wọ yàrá rẹ̀ lọ ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, mo gbé aago sórí ibùsùn, mo sì ká aṣọ orí ikùn ọmọ. Ìyá rẹ̀ bi mí pé, “Màmá, kí ni ẹ̀ ń wò?” Mo ní kí ó dákẹ́ ná. Mo kà á dé òpin ìṣẹ́jú. Mẹ́rìndínláàádọ́ta ni. Mo ní kí òun náà súnmọ́ ibí kí ó wá kà á.

Ọlọ́run yóò bá wa dá àwọn ọmọ wa sí o. Ó dìgbà kan ná.